Ọjọ́ Mẹ́ta Tí Abẹ́rẹ́ Wa Fi Ń Lẹ̀ Mọ́ Òfo

Òórùn sípírítì ló máa ń kọ́kọ́ pàdé mi lórí àtẹ̀gùn ilé náà, kí èéfín jẹnẹrétọ̀ tó bò ó mọ́lẹ̀. Ilé alájà kan ni, ní ẹ̀yìn France Road ní Sabon Gari, tí bàbá ọ̀gá mi, Ọ̀jọ̀gbọ́n, kọ́ nígbà tí ó fi òwò obì wá sí Kano. Nísàlẹ̀, àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara jẹnẹrétọ̀ ló háyà gbogbo ṣọ́ọ̀bù, wọn a sì máa tan èyí tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe kí oníbàárà lè gbọ́ ohùn rẹ̀. Ìyá kan ń dín kosai, àkàrà àwọn Hausa, lẹ́nu ọ̀nà láràárọ̀. Lókè, nínú yàrá tí wọ́n ti ń gba àlejò nígbà ayé bàbá náà, ni ẹ̀rọ wa wà. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ yunifásítì ní òkè òkun. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kó ẹ̀rọ àtijọ́ kan dànù níbẹ̀, ó tọrọ rẹ̀, ó dì í bí ẹni di ẹyin, ó sì gbé e wá sílé. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè kejì nínú kẹ́mísìrì, tí ìyá mi ń ta òwú àti síìpù ní òpópónà kejì sí tiwọn, ni ó pè pé kí n wá bá òun ṣiṣẹ́.

Máíkírósíkóòpù ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú la fi ń wò ó. Abẹ́rẹ́ ló fi ń ríran, bí afọ́jú ṣe ń fi ọ̀pá mọ ọ̀nà. Ṣóńṣó abẹ́rẹ́ náà kéré kọjá ohun tí ojú lè rí, ó sì wà ní ìparí ahọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò nípọn tó irun orí, tí ó máa ń tẹ̀ bí ohunkóhun bá fà á. Ìmọ́lẹ̀ pupa kan ń tàn sí ẹ̀yìn ahọ́n náà. Bí ahọ́n bá tẹ̀ díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ a sún, kọ̀ǹpútà a sì ya sísún náà bí ìlà. Tí o bá so èròjà kan mọ́ ṣóńṣó abẹ́rẹ́, tí o so èkejì mọ́ gíláàsì pẹlẹbẹ, tí o sọ abẹ́rẹ́ náà kalẹ̀ nínú omi iyọ̀ kí àwọn méjèèjì fara kanra, tí o wá rọra fà á sókè, ìlà náà á wọ́ lọ sísàlẹ̀, á sì já padà sókè lójijì. Ibi tí ó ti já yẹn ni ó ń sọ bí ẹyọ èròjà kan ṣoṣo ṣe di ìkejì rẹ̀ mú tó. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo lérò pé ilẹ̀kùn kan ṣí fún mi tí kò ṣí fún ẹnikẹ́ni rí ní àdúgbò wa.

Ilé náà kì í dákẹ́, ìyọnu wa nìyẹn. Bí jẹnẹrétọ̀ kan bá ti ké nísàlẹ̀, ilẹ̀ yàrá náà á máa gbọ̀n, ìlà orí kọ̀ǹpútà á sì di irun àgùntàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n ra túùbù taya kẹ̀kẹ́ Napep mẹ́rin, ó fún wọn ní afẹ́fẹ́ díẹ̀, ó gbé òkúta pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń ṣe ilẹ̀ ilé lé wọn, ó sì gbé ẹ̀rọ lé òkúta náà. Ìyẹn gbà wá dé ààyè kan. Síbẹ̀, ọ̀sán Jímọ̀ ni wákàtí wa tí ó dára jù, nígbà tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù bá ti ilẹ̀kùn lọ kírun, tí gbogbo òpópónà á sì dákẹ́ rọ́rọ́. Èmi kì í sì í ṣe onísùúrù ẹ̀dá. Ẹsẹ̀ mi kì í dúró lábẹ́ tábìlì. Ọ̀jọ̀gbọ́n a máa ní kí n jáde lọ rìn yípo ilé kí n tó fi ẹsẹ̀ mi ba iṣẹ́ jẹ́ fún wa.

Dókítà kan ló kó iṣẹ́ tí mò ń sọ yìí wá. Ọmọ Hausa ni, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó ń bójú tó ilé ìwòsàn kékeré ní abúlé tí ó jìnnà sí Kano. Fìríìjì wọn bàjẹ́ ní àárín ooru, nígbà tí òun kò sí nílé, kò sì sí ẹni tí ó sọ fún un títí ó fi dé. Inú fìríìjì yẹn ni àpótí oògùn oró ejò wà, gbogbo èyí tí wọ́n ní. Òjò sì ti ń bọ̀. O mọ ìgbà tí òjò bá rọ̀ ní ilẹ̀ Hausa: àgbẹ̀ á tẹ̀ síwájú nínú oko ẹ̀pà, kububuwa, ejò kékeré yẹn tí àwọ̀ rẹ̀ jọ iyanrìn, á sì ti wà lábẹ́ ewé. Ẹni tí ó bá bù ṣán, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní dì mọ́, á máa ṣàn láti eyín, láti imú, láti ojú ọgbẹ́. Dókítà ti fi díẹ̀ nínú oògùn náà ránṣẹ́ sí àwọn tí wọ́n ń ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ ní olú ìlú, wọn kò dá a lóhùn. Òmíràn tí ó bèèrè fún kò tíì dé. Ó gbé ìgò mẹ́ta sórí tábìlì wa, ó ní, "Don Allah, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣáà bá mi wò ó bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́."

Ọ̀jọ̀gbọ́n sọ fún un ketekete pé ohun tí àwa ń ṣe kì í ṣe ìwé ẹ̀rí. Ó ní a lè wò ó bóyá èròjà inú oògùn náà ṣì ń di oró mú, ṣùgbọ́n ara ènìyàn tóbi ju gíláàsì lọ. Dókítà mi orí bí ẹni tí ebi ń pa ṣe ń mi orí nígbà tí a bá ń sọ fún un pé oúnjẹ náà gbóná. Ó ti lọ tán kí a tó mọ̀ pé kò mu tíì tí a gbé fún un.

Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Mo so oró kububuwa tí Ọ̀jọ̀gbọ́n tọrọ ní yunifásítì kan mọ́ gíláàsì, mo so èròjà inú oògùn mọ́ abẹ́rẹ́. Mo lo oògùn tútù tí a gbà ní ilé ìwòsàn ńlá kan ní ìgboro, mo sì lo èyí tí ooru ti mú, kí a lè fi wọ́n wéra. Dókítà ń pe fóònù mi láràárọ̀: "Yaya dai? Kí lẹ rí?" Bí òjò bá ti ṣú, mo ti mọ̀ pé á tún pè. Nígbà tí ó di Ọjọ́bọ̀, mo ti ní ìlà tí ó pọ̀. Ti oògùn tútù ń já gbàgà, ti èyí tí ooru mú náà ń já gbàgà, kò sí ìyàtọ̀ kankan láàárín wọn. Mo sáré wọ yàrá Ọ̀jọ̀gbọ́n láìkan ilẹ̀kùn.

Mo ní, "Sà, ó ṣì ń di oró mú. Bákan náà ni wọ́n rí."

Ó yọ dígí ojú rẹ̀. "Ṣé o ti fi gíláàsì òfo wò ó?"

Gíláàsì òfo ni èyí tí a kò so oró kankan mọ́. A máa ń sọ abẹ́rẹ́ kalẹ̀ lé e lórí láti mọ̀ bóyá abẹ́rẹ́ náà ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì lásán, láìsí pé oògùn àti oró ń di ara wọn mú. Mo ti ṣe é lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ mìíràn, kí ìgò Dókítà tó dé rárá.

Mo dáhùn pé, "Mo ti ṣe é, sà."

Irọ́ kọ́, òótọ́ kọ́. Mo ti yẹ ọ̀rọ̀ yẹn wò nígbà púpọ̀ láti ọjọ́ náà, n kò tíì rí orúkọ tí ó bá a mu. Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé fóònù, ó sọ fún Dókítà pé ohun tí a rí títí di àkókò yẹn fi hàn pé oògùn náà ṣì ń di oró mú, pé kí ó má fi ṣe ẹ̀rí, ṣùgbọ́n bí kò bá sí òmíràn rárá, ó sàn ju òfo lọ. Mo gbọ́ bí Dókítà ṣe mí kanlẹ̀ ní òdìkejì fóònù. Ní kùtùkùtù ọjọ́ kejì, Ọ̀jọ̀gbọ́n lọ síbi ìsìnkú ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Zaria, ó ní òun ò ní padà títí di ọjọ́ Ajé.

Ní ọ̀sán Jímọ̀ yẹn, nígbà tí ìta dákẹ́, mo ní kí n tètè ṣe gíláàsì òfo náà kí ó lè wà nínú ìwé. Nǹkan tí kò ní gbà tó wákàtí kan ni. Mo gbé gíláàsì mímọ́ sínú omi iyọ̀, mo sọ abẹ́rẹ́ kalẹ̀, mo fà á sókè. Ìlà náà wọ́ lọ sísàlẹ̀, ó sì já gbàgà. Mo tún un ṣe. Gbàgà. Mo sún abẹ́rẹ́ síbòmíràn, mo pààrọ̀ gíláàsì, mo pààrọ̀ omi. Gbàgà, gbàgà. Kò sí oró níbẹ̀, kò sí ohun tí oògùn lè di mú, síbẹ̀ ìlà náà kò yàtọ̀ sí gbogbo èyí tí mo fi hàn Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ohun tí mo fi ọ̀sẹ̀ kan wọ̀n kì í ṣe oògùn. Abẹ́rẹ́ wa kàn ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì bí ẹsẹ̀ ṣe ń lẹ̀ mọ́ ẹrẹ̀ ni, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ọn lágbára débi pé, bí oògùn bá tilẹ̀ ń di oró mú, a kò lè rí i lábẹ́ lílẹ̀ yẹn. Nísàlẹ̀, àwọn oníṣọ́ọ̀bù ti ń padà bọ̀ láti mọ́ṣáláṣí, mo ń gbọ́ tí wọ́n ń ṣí ilẹ̀kùn irin.

Ohun tí ó yẹ kí n ṣe kò lé ní ìṣẹ́jú méjì. Nọ́ńbà Dókítà wà lórí fóònù mi. N kò pè é. Mo sọ fún ara mi pé kí n kọ́kọ́ mú lílẹ̀ náà kúrò, kí n tún oògùn náà wò dáadáa, bóyá ìdáhùn kan náà ni yóò jáde, a ò sì ní dá ọkàn ẹnikẹ́ni láàmú lásán. Mo tún sọ fún ara mi pé Ọ̀jọ̀gbọ́n wà níbi ìsìnkú. Àwáwí kì í wọ́n ènìyàn. Ohun tí ó wà nídìí rẹ̀ gan-an ni pé ojú ń tì mí, mo sì fẹ́ ní àtúnṣe lọ́wọ́ kí n tó jẹ́wọ́ àṣìṣe.

Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni mo fi jà pẹ̀lú gíláàsì. Mo fi sípírítì fọ̀ ọ́, mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo sè é nínú omi. Mo da ọṣẹ díẹ̀ sínú omi iyọ̀. Lílẹ̀ náà dín kù, lẹ́yìn náà ó tún padà. Mo jókòó, mo dìde. Mo lọ sí ojú fèrèsé, mo wo àwọn tó ń ru ẹrù láti ọjà Singer kọjá, mo padà sídìí ẹ̀rọ. Nígbà tí mo délé ní ìrọ̀lẹ́, ìyá mi gbé tuwo, òkèlè àwọn Hausa, síwájú mi, mo sì ń fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ láìjẹ ẹ́.

Ó bi mí pé, "Kí ló ń lé ọ kiri, ìwọ ọmọ yìí?"

"Kò sí nǹkan, Mọ́mì. Iṣẹ́ ni."

"Iṣẹ́ tí kò jẹ́ kí èèyàn jẹun, ó ní ohun tó ṣe é."

Ní ọjọ́ Ìsinmi, a wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, àlùfáà ń wàásù lọ́wọ́, nígbà tí fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n nínú àpò mi. Mo rí orúkọ Dókítà. Mo tẹ orúnkún àwọn èèyàn kọjá, mo jáde sí ẹnu géètì, níbi tí ohùn ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta ti ń kọlu ara wọn lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Mo fi ọwọ́ kan bo etí.

Ó ní ejò bu ọkùnrin àgbẹ̀ kan ṣán lọ́wọ́ ní ìrọ̀lẹ́ àná, níbi tí ó ti ń tu koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀pà rẹ̀. Wọ́n gbé e dé, òun gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú ìgò gíláàsì, ẹ̀jẹ̀ náà kò dì. Ó fún un ní oògùn inú àpótí náà. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà, ó tún gba ẹ̀jẹ̀, kò dì. Ó tún fún un sí i. Nísinsìnyí eyín rẹ̀ ti ń ṣẹ̀jẹ̀. "Ṣé kí n tún fún un lẹ́ẹ̀kẹta? Ẹ ní ó ń di oró mú."

Mo ní, "Dókítà, ẹ má fún un mọ́. Ẹ gbé e wá sí Kano nísinsìnyí. Ohun tí a sọ fún yín kò dájú. Abẹ́rẹ́ wa ló ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì lásán. A kò rí iṣẹ́ oògùn yẹn rárá."

Mo ń gbọ́ ohùn obìnrin kan tí ó ń sunkún níbi tí ó wà.

"Ìgbà wo lẹ mọ̀?"

"Ọjọ́ Jímọ̀."

"Tun Juma'a? Láti Jímọ̀?" Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni pé ó ń bi ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gé fóònù.

Mo dúró ní ẹnu géètì yẹn, n kò mọ ibi tí mo lè gbé ọwọ́ mi sí. Lẹ́yìn náà mo pe Ọ̀jọ̀gbọ́n. Mo sọ gbogbo rẹ̀, mo sọ ti gíláàsì òfo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn pẹ̀lú, mo sì ń retí pé kí ó bú mi. Kò bú mi. Ó ní, "Lọ sídìí ẹ̀rọ. Kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé bí o ṣe sọ ọ́ fún mi yìí, pẹ̀lú aago. Lẹ́yìn náà, pe ilé ìwòsàn tí a ti gba oògùn tútù, sọ fún wọn pé ẹnì kan ń bọ̀. Mo ti ń bọ̀ lọ́nà." Ó pe gbogbo ẹni tí ó mọ̀ láti inú mọ́tò. Ìgbà tí mo fi kọ ọ̀rọ̀ náà tán, wọ́n ti rí oògùn tí yóò tó fún ọkùnrin náà.

Wọ́n gbé e dé ní ọ̀sán. Mo dúró ní ẹ̀gbẹ́ ògiri ilé ìwòsàn náà, mo rí wọn tí wọ́n gbé e sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ akẹ́rù kan, aṣọ funfun tí wọ́n fi di ẹnu rẹ̀ ti pọ́n. Ọwọ́ òsì rẹ̀ wú títí dé èjìká. Dókítà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò wò mí. Wọ́n fún ọkùnrin náà ní oògùn tútù. Wákàtí mẹ́fà ni a fi dúró kí wọ́n tó tún gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú ìgò. Mo rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí igi dongoyaro, mo padà, mo tún lọ, títí olùṣọ́ ilé ìwòsàn fi gbé àga rẹ̀ fún mi pé kí n jókòó nítorí Ọlọ́run. Ọ̀jọ̀gbọ́n wà níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìsìnkú lọ́rùn. Nígbà tí Dókítà jáde, ó dà bíi pé ó ti dàgbà sí i. Ó ní, "Ó ti dì." Ẹ̀jẹ̀ náà ti dì. Ọkùnrin náà yè é. Ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ méjì ti kú láti ìdí, wọ́n sì gé wọn kúrò lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn dókítà ibẹ̀ sọ pé ó lè jẹ́ pé ìka náà ì bá ti lọ bí oògùn rere tilẹ̀ tètè dé. Òmíràn ní bóyá. N kò mọ̀ títí di òní.

A padà sí gíláàsì. Mo rò pé Ọ̀jọ̀gbọ́n á lé mi, ṣùgbọ́n àga tèmi ni ó fà sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Ó ní, "A ò ní wá bí a ṣe máa rí ìdìmú mọ́. Bí a ṣe máa mú lílẹ̀ kúrò la máa wá." Gíláàsì òfo la fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láràárọ̀, ìgbà tí abẹ́rẹ́ bá ń jáde lórí rẹ̀ wọ́ọ́rọ́ láìjá la tó lè fọwọ́ kan oró. Ó pẹ́. A fi èròjà kan tí wọ́n ń yọ láti inú ẹ̀jẹ̀ màlúù bo gíláàsì náà, kí ó lè jókòó sí gbogbo ibi tí ó ṣófo, kí abẹ́rẹ́ má baà ríbi lẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, èmi oníwàǹwára, mo bò ó jù, mo bo oró náà mọ́lẹ̀ pẹ̀lú, abẹ́rẹ́ kò sì rí nǹkankan dì mú mọ́. Ọṣẹ inú omi náà, bí ó bá pọ̀ jù, a máa ṣí ohun tí a so; bí ó bá kéré jù, lílẹ̀ á padà. Mo tún kọ́ pé ọwọ́ líle ni mo fi ń tẹ abẹ́rẹ́ mọ́lẹ̀, tí mo sì ń jẹ́ kí ó pẹ́ níbẹ̀. Bí o bá ti tẹ ohun méjì mọ́ra tipátipá, kò sí ohun tí kò ní lẹ̀. A wá ń jẹ́ kí ó kàn fara kàn án, kí ó sì gbéra.

Okùn ló là wá lójú gan-an. Dípò kí a so èròjà inú oògùn mọ́ ṣóńṣó abẹ́rẹ́ tààrà, a fi okùn kan so ó, okùn kẹ́míkà tí ó gùn, tí ó sì rọ̀, tí omi fẹ́ràn, tí nǹkan kì í sì í fẹ́ lẹ̀ mọ́. Bí abẹ́rẹ́ bá lẹ̀ mọ́ gíláàsì lásán, ẹsẹ̀kẹsẹ̀ tí ó bá ń kúrò nílẹ̀ ni ìlà á já. Ṣùgbọ́n bí oògùn bá di oró mú lóòótọ́, abẹ́rẹ́ á ti gòkè, okùn á máa nà, á nà, ìlà á tẹ̀ bí ọrùn ìgbín, kí ó tó já, jìnnà sí gíláàsì. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí ìlà tí ó tẹ̀ bẹ́ẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n kò jẹ́ kí n pariwo. Ó ní kí n da oró òmìnira sínú omi, oró tí a kò so mọ́ ohunkóhun, kí ó lọ kún ọwọ́ oògùn náà. Mo dà á. Àwọn ìlà títẹ̀ náà pòórá. Mo fọ oró náà kúrò, wọ́n padà. Nígbà náà ló tó rẹ́rìn-ín. Ó tún kọ́ mi pé kí ìlà náà má ṣe já nígbà gbogbo. Nínú ìfarakàn púpọ̀, díẹ̀ péré ló yẹ kí ó di mú, nítorí ẹyọ kan ṣoṣo là ń wá. "Abẹ́rẹ́ tí ó bá ń di nǹkan mú ní gbogbo ìgbà," ó ní, "má gbà á gbọ́."

Oògùn tútù di oró mú. Ti inú àpótí Dókítà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ dì í mú rárá. A fi ránṣẹ́ sí i, kò dáhùn. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, òun fúnra rẹ̀ gòkè àtẹ̀gùn wá. Ó jókòó, ó mu tíì lọ́tẹ̀ yìí. Nígbà tí mo ṣí kọ̀ǹpútà láti fi iṣẹ́ hàn án, ó gbé ọwọ́ sókè.

"Gíláàsì òfo," ó ní. "Ẹ kọ́kọ́ fi ìyẹn hàn mí."

Mo fi hàn án. Ó wò ó pẹ́, ìlà gbọọrọ tí kò já níbì kankan. Lẹ́yìn náà ó ní, "Na gane," ó ti yé òun, ó sì fà á sún mọ́ ara rẹ̀ kí ó lè wo ìyókù. Oògùn tuntun dé abúlé rẹ̀ ní oṣù yẹn. Ó ní ojú òun ni wọ́n ti fọ́ ìgò àtijọ́ tó kù.

Mo lọ wo ọkùnrin àgbẹ̀ náà. Ó ń gbé pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní àdúgbò Hotoro títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi san. Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ, mo fẹ́ ní kí awakọ̀ yí padà lẹ́ẹ̀mejì lójú ọ̀nà. Bàbá kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun ni, ó jókòó lórí ẹní lábẹ́ ògiri, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún bó ẹ̀pà fún àwọn ọmọ ilé. Mo kúnlẹ̀. Mo fi Hausa sọ fún un ẹni tí mo jẹ́, mo sọ ohun tí mo mọ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀ tí n kò sọ. Mo ti ṣe ìmúrasílẹ̀ ọ̀rọ̀ púpọ̀, gbogbo rẹ̀ jáde ní ìlà mẹ́ta. Ó tẹ́tí sí mi láìdá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Ìyàwó rẹ̀ ló bínú. Ó dìde, ó wọlé, ó sì gbá ilẹ̀kùn mọ́ mi lójú, bẹ́ẹ̀ sì ni ó tọ́.

Ọkùnrin náà wá bi mí pé, "Àwọn ìgò tó kù ńkọ́? Ṣé wọ́n ṣì wà lábúlé?"

Mo ní, "Wọ́n ti fọ́ wọn, Baba."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀."

Ó mi orí. Ó ní, "To. Allah ya kiyaye gaba," kí Ọlọ́run ṣọ́ ọjọ́ iwájú. Kò sọ pé òun dárí jì mí, èmi náà kò bèèrè. Ó padà sídìí ẹ̀pà rẹ̀, mo sì jókòó díẹ̀ níbẹ̀, mo bá a bó o.

Ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ni èyí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ mi ti gbòòrò. Àwọn èèyàn máa ń bi mí ohun tí ó ṣòro jù nínú kí abẹ́rẹ́ má lẹ̀ mọ́ ohun tí kò yẹ, mo sì máa ń sọ ti okùn àti ọṣẹ àti gíláàsì òfo fún wọn, nítorí òótọ́ ni. Mo rò pé ẹ̀kọ́ nípa gíláàsì ni mo kọ́ ní ọdún yẹn, ó sì pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ìyẹn gan-an ló rọrùn jù níbẹ̀. Àṣìṣe mi ní Ọjọ́bọ̀, ẹnikẹ́ni ló lè ṣe é. Ti Jímọ̀ títí di ọjọ́ Ìsinmi, èmi nìkan ló ṣe é, nígbà tí mo mọ̀ tí mo sì ń wá ọ̀nà láti má jẹ́ ẹni tí ó ṣàṣìṣe. Ní òjò èṣí, mo sọ ohun kan fún ilé ìwòsàn kan láàárọ̀, nígbà tí ó di ọ̀sán mo rí ohun tí ó jẹ́ kí n ṣiyèméjì. Ọkàn mi sáré gẹ́gẹ́ bí ó ṣe máa ń ṣe, ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lábẹ́ tábìlì. Mo pè wọ́n kí n tó dìde. Mo ní, "Ohun tí mo sọ láàárọ̀, ẹ má lò ó. N kò tíì mọ ìdí rẹ̀." Obìnrin tí ó gbé fóònù kùn, ó ní kí ló dé tí a kì í dúró sójú kan. Mo ní kí ó máa bínú. Ara mi balẹ̀ bí ó ṣe ń bú mi lọ, mo sì gbé gíláàsì tuntun kalẹ̀.